Ọwọ́ Tó Ń Wẹ Ọmọ ní Igbó-Elérin

Bí ẹ bá yà kúrò ní títì Badagry wọ Igbó-Elérin, tí ẹ sì bi àwọn abiyamọ ibẹ̀ pé ta ló bá wọn wẹ ọmọ wọn, orúkọ kan náà ni ẹ ó máa gbọ́ láti ojúlé dé ojúlé. Màmá Oníwẹ̀ ni. Ọ̀ṣúnkẹ́mi ni wọ́n sọ ọ́ ní Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó ti tó ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, àfi wòlíì ìjọ aláṣọ funfun tó ń lọ.

Kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kì í ṣe agbẹ̀bí. Ìwé mẹ́fà péré ló kà. Ọwọ́ ni Ọlọ́run fún un. Ẹ gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́ta lé e lọ́wọ́, kí ẹ wá dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ máa wòran. Á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun, á fọ̀ ọ́ látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Á fi omi gbígbóná tẹ orí ọmọ kó lè rí roboto. Á fa imú kó lè gún. Á nà án lọ́wọ́, á nà án lẹ́sẹ̀, á mú ọwọ́ ọ̀tún pàdé ẹsẹ̀ òsì. Á di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, á dorí rẹ̀ kodò, á gbọ̀n ọ́n díẹ̀. Nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, á jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹta, á sì hán an, nítorí ọmọ tí wọn ò bá jù sókè, ojo ni yóò yà. Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn, bí ìyá ìyá rẹ̀ náà ṣe kọ́ ìyẹn.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Ṣemílọ́rẹ fi rú u lójú ju bó ṣe rú ẹnikẹ́ni lójú lọ. Tọ́lá ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ọ̀ṣúnkẹ́mi bí, Ṣemílọ́rẹ sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí Tọ́lá bí. Iyàrá kan ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi wẹ ọmọ náà, kì í ṣe ogójì ọjọ́, odindi ọdún kan ni, torí ọmọ ọmọ ẹni kì í súni. Síbẹ̀, ọmọ pé ọdún mẹ́ta ó lé oṣù méjì, kò pe ìyá, kò pe ìyá àgbà. Ọrùn rẹ̀ pẹ́ kó tó le. Ó ti lé lọ́dún kan kó tó dá jókòó, ògiri ló sì ṣì ń dì mú rìn. Kò lè gbé ṣíbí dé ẹnu. Ohunkóhun tó bá rin tàbí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, igbe ni, bí ẹni pé wọ́n ta iná sí i lára. Àtẹ́lẹwọ́ ni Ọ̀ṣúnkẹ́mi ṣì fi ń rọ ọ́ lógì, bí ẹni ń rọ ọmọ oṣù mẹ́ta.

Àwọn èèyàn ò sọ nǹkan kan lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́yìn, torí bí òun náà bá jẹ́ ará àdúgbò, á sọ ọ́. Ọwọ́ tó wẹ gbogbo ọmọ yìí tí wọ́n fi ń sáré kiri, kí ló dé tí ti ilé tirẹ̀ fi rí báyìí?

Nọ́ọ̀sì tó ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára ló júwe ibì kan fún Tọ́lá lẹ́yìn Ìbà Housing Estate, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ tí ìdàgbàsókè rẹ̀ bá falẹ̀. Ó dárúkọ iṣẹ́ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ náà gùn bí okùn ìfami. Tọ́lá tún un pè fún ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tẹ́rápì tó wà nídìí rẹ̀ nìkan ló kù sí i lórí. Ṣọ́ọ̀bù ará Íbò kan tó ń ta ẹ̀rọ ní Alaba ni Tọ́lá ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ kì í sì í gbọ́ àlàyé. Bó ṣe di pé ìyá àgbà ló pọn ọmọ, tó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, tó lọ nìyẹn.

Ní ẹnu ọ̀nà wọ́n ní kó bọ́ bàtà. Ìyẹn fi í lọ́kàn balẹ̀, torí ó jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Àṣé ibẹ̀ ni ìfọ̀kànbalẹ̀ pin sí. Kò rí bẹ́ẹ̀dì, kò gbóòórùn oògùn. Abọ́ ìrẹsì tútù ló wà nílẹ̀, abọ́ ẹ̀wà kan, pẹ́ẹ̀gì ìsáṣọ aláràbarà nínú agolo mílíìkì, bọ́ọ̀lù ńlá kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó Ṣemílọ́rẹ. Ọmọbìnrin kan jáde sí i, ó gé irun mọ́lẹ̀, ó wọ ṣòkòtò, kò ju ẹgbẹ́ Tọ́lá lọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní Abọ́lá ni orúkọ òun.

Ọ̀ṣúnkẹ́mi bi í bóyá òun ni dókítà. Ó ní òun kọ́. Nọ́ọ̀sì ńkọ́? Ó ní òun kọ́ náà. Ó ní iṣẹ́ tòun ni láti ran ọmọ lọ́wọ́ kó lè ṣe ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe, kó lè jẹun, kó lè wọṣọ, kó lè ṣeré.

“Eré?” ni Ọ̀ṣúnkẹ́mi wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Eré ni iṣẹ́ ọmọdé.”

Ọ̀ṣúnkẹ́mi wo abẹ́ tábìlì, bóyá ibẹ̀ ni wọ́n kó abẹ́rẹ́ pa mọ́ sí. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju mọ́tò oníke kan lọ.

Abọ́lá mú ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè. Báwo ni wọ́n ṣe bí ọmọ náà, ìgbà wo ló jókòó, kí ló ń jẹ. Nígbà tó dé orí ta ló wẹ̀ ẹ́ ní kékeré, ojú Ọ̀ṣúnkẹ́mi là. Ó ní òun ni. Ó ní kì í ṣe òun nìkan kẹ̀, òun ló wẹ gbogbo Igbó-Elérin. Ó sún mọ́ bọ́ọ̀lù ńlá yẹn, ó tẹ́ bèbí oníke kan lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bó ṣe máa ń ṣe é, ó nà á, ó fà á, ó dorí rẹ̀ kodò. Abọ́lá ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ, kọ, kọ. Ó ṣí ojú ewé kejì. Ó ní kí Màmá jọ̀ọ́ tún sọ ti dídorí kodò yẹn. Ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́? Ti jíjù sókè ńkọ́, báwo ló ṣe ga tó? Ìgbà yẹn ni ohùn Ọ̀ṣúnkẹ́mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Wọn kì í kọ ohun rere tó gùn tóyẹn nípa ẹnìkan. Bẹ́ẹ̀ ló rò ó.

Wọ́n gbé ògì kíki wá. Wọ́n fi táwẹ̀lì tútù sábẹ́ abọ́ kó má baà máa yọ̀. Ṣíbí tí wọ́n mú wá, wọ́n ti wé fóòmù bàtà sílípáàsì mọ́ ọn nídìí, ó ki bí ọmọ odó. Abọ́lá gbé e sí iwájú Ṣemílọ́rẹ, ó sì sún sẹ́yìn díẹ̀. Ṣemílọ́rẹ wo ṣíbí. Ó pẹ́ tó ń wò ó. Ó wá na ọwọ́ díẹ̀, bí ìgbín tó ń yọ orí, bó sì ṣe nà án ni ọwọ́ ìyá àgbà ti dé ibẹ̀, ó bù ú, ó fi í sí i lẹ́nu. Abọ́lá rẹ́rìn-ín, ó ní ká tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe, ọwọ́ Ọ̀ṣúnkẹ́mi tún ti dé ibẹ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ ṣe é o. Ọwọ́ náà ló ń dá lọ. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọmọ mìíràn ti ń ké lẹ́nu ọ̀nà, ìyá rẹ̀ ń yọjú, Abọ́lá sì yára sọ̀rọ̀.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ọwọ́ yín sẹ́yìn. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Nílé náà, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe é títí a ó fi tún ríra lọ́sẹ̀ méjì òní.”

Ó káwọ́ pọ̀nyìn. Ẹ wo obìnrin ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, lójú ọmọ tó lè bí, bí ẹni tí wọ́n mú dé iwájú adájọ́. Ojú ewé méjì ni wọ́n kọ nípa ìwẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kó má fọwọ́ kan ọmọ mọ́. Kí ló tún kù tí èèyàn ń wá? Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wọn padà, ó gbé Ṣemílọ́rẹ sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, kò gbé e lé ẹsẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ilé ti dà rú. Ọ̀ṣúnkẹ́mi ò rọ ọmọ mọ́, kò pọ̀n ọ́n, kò wẹ̀ ẹ́. Ó sọ fún Tọ́lá pé àṣẹ tẹ́rápì ni. Tọ́lá ní àṣẹ wo nìyẹn? Ó ní òun náà ò mọ̀. Tọ́lá wá ń jí lójoojúmọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, á wẹ ọmọ gìrìgìrì, ọmọ á máa han, ìyá àgbà á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá. Tí Tọ́lá bá ti jáde, ìyá àgbà á gbé abọ́ síwájú ọmọ, ọmọ á wo abọ́, òun á wo ọmọ. Ògì á di. Aládùúgbò kan tó bá ṣàánú wọn ló ń wá fi ṣíbí bù fún un díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ò tíì pé tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ṣemílọ́rẹ fi wọlé.

Àárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ìyá Fàwáz bímọ. Yàrá tó kọjú sí tiwọn ló wà. Ọwọ́ Màmá Oníwẹ̀ ló wẹ Fàwáz, tó ti ń lọ sí práìmárì báyìí. Wọ́n ránṣẹ́ pe Màmá, Màmá ní ìdí ń dun òun, òun ò lè jókòó sórí àpótí. Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọmọ jòjòló jáde sẹ́nu ọ̀nà, ó sì rí onídìídídùn tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi méjì bọ̀ láti ibi ẹ̀rọ.

“Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o,” ni Ìyá Fàwáz wí, ó fi ọwọ́ mú ìbàdí. “Àṣé ìdí tó ń dùn yín, ọmọ wẹ́rẹ́ ni kò lè gbé, omi ló lè gbé. Àbí nítorí pé Ààfáà ló máa wá sọ ọ́ lórúkọ ni?”

Kí ni Ọ̀ṣúnkẹ́mi yóò sọ? Pé ọwọ́ òun ti bàjẹ́? Àbí pé kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí òun má lò ó? Ó gbé omi wọlé. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Muheez, ó fún wọn lẹ́bùn, kò dé ibi tí wọ́n tẹ́ ọmọ sí.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro gbogbo ọmọ tó ti wẹ̀. Kò kọ wọ́n sílẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó mọ̀ wọ́n. Ọmọ oníbúrẹ́dì, kò sí ohun tó ṣe é. Ìbejì ilé aláwọ̀ ewé, àwọn yẹn tiẹ̀ ń sáré jù. Ó wá rántí ọ̀kan tó máa ń kólòlò, àyà rẹ̀ já. Lẹ́yìn náà ló rántí pé bàbá ìyẹn náà ń kólòlò, òun kọ́ ló sì wẹ bàbá rẹ̀. Tó bá ń lọ lọ́nà, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló ń wò, bóyá ó tẹ̀, bóyá ó gún.

Lọ́jọ́ kan, ó lọ ṣe fọ́tò-kópì ìwé tí ilé ìwòsàn kọ nígbà tí wọ́n bí Ṣemílọ́rẹ, ní Iyana-Iba, torí Abọ́lá ní kó mú un wá. Ibẹ̀ ló ti pàdé Àsánì, tí òun fúnra rẹ̀ wẹ̀ ní kékeré, tó ti ń lọ sí yunifásítì báyìí, tó ga bí òpó iná.

“Àsánì, gbé ọwọ́ rẹ méjèèjì sókè.”

“Ẹ̀ẹ́n, Màmá?”

“Gbé e sókè, mo ní.”

Àsánì gbé e sókè láàárín àwọn èrò, bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. Ó ní kó tẹ̀ ba, ó tẹ̀ ba. Ó ní kó yí ọrùn, ó yí i. Ó wá bi í pé ṣé kò sí ibì kankan tó ń dùn ún lára.

“Màmá, ebi nìkan ni.”

Gbogbo èèyàn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Ọ̀ṣúnkẹ́mi náà rẹ́rìn-ín, ó sì ra búrẹ́dì fún un, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà tún wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ọwọ́ bá ba ọmọ kan jẹ́, kí ló dé tí kò ba èyí jẹ́? Bí kò bá sì ba ọmọ jẹ́, kí ni wọ́n kọ sí ojú ewé méjì?

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ó padà sí Ìbà. Ó ti rò ó pé òun ò ní béèrè nǹkan kan. Ẹni tó bá béèrè lè gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ ò gbà. Ṣùgbọ́n bí Abọ́lá ṣe rí Ṣemílọ́rẹ ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó gbé ọmọ náà, ó tún gbé e bí ẹni tó ń wọn ìwúwo rẹ̀.

“Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀ sí i?”

“Ohun tí ẹ ní kí n ṣe ni mo ṣe. Mi ò fọwọ́ kàn án.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà tí a ti kúrò níbí.”

Abọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ẹní, ó gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bú jáde lẹ́nu Ọ̀ṣúnkẹ́mi kó tó mọ̀.

“Ọmọ mi, má fi bò fún mi. Ṣé ọwọ́ mi ló ba ọmọ yìí jẹ́?”

Abọ́lá dìde, ó lọ mú ìwé ọjọ́ yẹn wá, ó ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bó ṣe ń kà á. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ yìí máa ń sá fún ohunkóhun tó bá rin, àfi omi ìwẹ̀ ìyá àgbà rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé bí ìyá àgbà bá ń fi ọwọ́ ra á lára, ara rẹ̀ máa ń rọ̀, ó máa ń wo ojú èèyàn. Ó kọ ọ́ pé ibi ìwẹ̀ yẹn ni òun fẹ́ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀ṣúnkẹ́mi na ọrùn wo ojú ewé náà, bí ẹni tó lè kà á.

“Ẹ̀bi mi ni, Màmá,” ni Abọ́lá wí. “Mo kánjú lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ bá ń nawọ́ sí nǹkan nìkan ni kí ẹ kó tiyín sẹ́yìn díẹ̀. Bí ẹ bá ń bá a ṣe é, kò ní mọ̀ pé òun lè ṣe é. Gbogbo ìgbà yòókù, ẹ gbé e, ẹ pọ̀n ọ́n, ẹ fọwọ́ kàn án.”

“Kí ló wá fa èyí tó ń ṣe é?”

“Ìwé ilé ìwòsàn tí ẹ mú wá yìí sọ pé ó pẹ́ kó tó ké. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ló ti wá, ó lè má jẹ́ ibẹ̀. Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ẹ sọ fún mi, mi ò rí ohun tó fi hàn pé ìwẹ̀ ló fà á.” Ó pa ìwé náà dé. “Jíjù sókè àti dídorí kodò, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ o. Gbígbọ̀n náà. Ọrùn ọmọ tuntun ò tó bẹ́ẹ̀.”

“Tí kì í bá ṣe òun ló fà á, kí ló dé tí n ó fi fi í sílẹ̀?”

“Màmá, ẹ ń sọdá títì Badagry lójoojúmọ́, mọ́tò ò gbá yín rí. Ṣé ẹ ó wá dijú sọdá lọ́la?”

Wọn ò dá Ọ̀ṣúnkẹ́mi lẹ́bi, wọn ò sì dá a sílẹ̀ tán. Ohun tó wá gbà ni bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí wọ́n bù fún un ni àbọ̀ nínú èyí, àbọ̀ nínú ìyẹn. Ó bú sẹ́kún níbẹ̀, kò tiẹ̀ mọ èwo nínú méjèèjì ló ń sunkún lé lórí. Ó gbé Ṣemílọ́rẹ lé ẹ̀yìn, ó fi ọ̀já méjì dì í, bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ gbà á. Títí wọ́n fi dé ilé, kò sọ ọ́ kalẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó rékọjá sí yàrá Ìyá Fàwáz, Ṣemílọ́rẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ìdí ò dun òun, irọ́ lòun pa, ẹ̀rù ló ba òun. Ó ṣàlàyé ìyókù bó ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀, Ìyá Fàwáz ò sì lóye rẹ̀ ju ìdajì lọ. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ tó ń bá a wẹ ọmọ láti ọjọ́ yìí, bí ẹni ń fọ abọ́ ló ń ṣe é, nítorí náà ó gbé Muheez fún Màmá.

Ó gbé Ṣemílọ́rẹ jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ó fọ ọmọ ọlọ́mọ, ó rọra nà án lọ́wọ́, ó rọra nà án lẹ́sẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí ó yẹ kó ti jù ú sókè, ó dá dúró.

“Ẹ ò ní jù ú ni?” ni Ìyá Fàwáz bi í.

“Wọ́n ní kò sí jíjù mọ́.”

“Àwọn ta?”

“Ọmọbìnrin kan tí kò tíì bímọ rí.”

“Ẹ wá gbọ́ tirẹ̀? Ẹ fẹ́ kí ọmọ mi ya ojo?”

Ọ̀ṣúnkẹ́mi fẹ́ fèsì. Muheez ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ẹja àrọ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú gírígírí. Ibẹ̀ ló wà tó fi ṣíjú wo ẹ̀gbẹ́. Ṣemílọ́rẹ ti sún mọ́ igbá òrí tí wọ́n gbé sílẹ̀ de ọmọ. Ó ń wò ó. Ó na ìka kan, ó fà á padà. Ó tún nà án, ó kì í bọ inú òrí, ìka náà sì jáde pẹ̀lú rẹ̀, ó ń dán, ó ń lẹ̀. Kò ké. Ọ̀ṣúnkẹ́mi mọ bó ṣe ń ṣe òun lápá, bí ọwọ́ náà ṣe fẹ́ dá lọ, ṣùgbọ́n ibo ló fẹ́ gbé ọmọ ọlọ́mọ sí? Ṣemílọ́rẹ gbé ìka náà wá sókè díẹ̀díẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi kan àgbọ̀n, ó fi kan imú. Ó wá fi í sí ẹnu.

Ìyá Fàwáz ti fẹ́ fò dìde. “Màmá, òrí ló ń jẹ o.”

“Mo rí i. Fi í sílẹ̀.”

“Ṣé kò ní ṣe é ní nǹkan?”

“Mi ò mọ̀,” ni Ọ̀ṣúnkẹ́mi wí, omi sì ń kán láti ara Muheez sí i lẹ́sẹ̀. Ṣemílọ́rẹ yọ ìka kúrò lẹ́nu, ó wò ó, ó sì tún kì í bọ inú igbá.